Oyè ọ̀mọ̀wé tó ń gbowó oṣù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ l'Abẹ́òkúta

Ẹnu àwọn ọmọ tó ń wá bá mi ní Ọ̀bántọ́kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àlàbàtà, àwọn kan jáde ní pólì, ọ̀kan ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kébbí, fóònù ló fi ń bá wa jókòó. Ohun kan náà ni wọ́n ń bèèrè, aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀ fún un. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè wá lè rí i kà. Jámánì ni mo ti ṣe oyè tèmi kí n tó padà wálé, nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ Jámánì pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ibi tí mo mọ̀ ni mo ń sọ.

Ṣebí ilé ẹ̀kọ́ lèèyàn ń lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé (PhD)? Kí ló kan iṣẹ́ níbẹ̀?

Níbí, ilé ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́. Ẹ ó ra fọ́ọ̀mù, ẹ ó san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ ó wá kókó ìwádìí fúnra yín, owó àpò yín náà lẹ ó sì fi ra ohun tí ẹ fẹ́ fi dán an wò. Ní Jámánì, Nẹ́dálándì, Swídìn, Nọ́wè àti Dẹ́nmákì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbé e gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti gba owó ìwádìí lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ó ti mọ ohun tó fẹ́ wádìí, ẹni tí yóò ṣe é ló kù. Á wá polówó àyè náà bí ìgbà tí iléeṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá mú á tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, á máa gbowó oṣù, wọ́n á máa yọ owó orí níbẹ̀, á ní ìsinmi lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, á kó iṣẹ́ tó ti ṣe jọ sínú ìwé, á gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, wọ́n á sì sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Ní Swídìn, "doktorand" ni wọ́n ń pe ẹni tó wà nípò náà, ní Nọ́wè "stipendiat". Ní Jámánì, ẹ máa rí "wissenschaftlicher Mitarbeiter" nínú ìpolówó, orúkọ gbọọrọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju òṣìṣẹ́ ìwádìí lọ.

Mo fi èyí ṣíwájú torí pé ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ọmọ tó rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lòun ń tọrọ, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ló máa kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wá ọwọ́ tí yóò bá a ṣiṣẹ́ kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ṣe.

Èló ni wọ́n ń san?

Ní Jámánì, ìpele owó oṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní E13, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ ìwádìí sí. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kíkún, ó lé ní 4,000 yúrò lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, owó ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tí wọ́n máa yọ lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tó wà lára ìpolówó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó: àwọn kan á kọ 100%, àwọn mìíràn 75%, 65%, kódà 50%. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, 100% wọ́pọ̀ ju ti ẹ̀ka mìíràn lọ, torí pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò àti ẹ̀rọ ń du ọmọ kan náà mọ́ yunifásítì lọ́wọ́. Ní Swídìn, owó náà ń gòkè bí iṣẹ́ ìwádìí ṣe ń lọ síwájú.

Ti Ìlú Ọba yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà yín sí níbẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Iye tó kéré jù tí UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìjọba wọn, là sílẹ̀ fún ọdún 2025 sí 2026 ni 20,780 pọ́n-ún lọ́dún, wọn kì í sì í gba owó orí lórí ẹ̀. Àyè fún àwa tá a wá láti ìlú mìíràn kò gbọ́dọ̀ ju 30% lọ nínú àwọn tí wọ́n bá gbà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń há. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fojú fo owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa san owó oúnjẹ fún yín, ẹ̀yin náà á máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí tàbí kí ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi náírà ṣírò ó. Mo ti rí ẹni tó ṣírò owó oṣù rẹ̀ sí náírà, tó ti ń wá ilẹ̀ kiri Kóbapẹ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó débẹ̀, owó ilé nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdajì lọ.

Níbo lèèyàn ti ń rí àwọn ìpolówó yìí?

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. EURAXESS ni ti gbogbo Yúróòpù. AcademicTransfer ni ti Nẹ́dálándì, Jobbnorge ti Nọ́wè, jobs.ac.uk àti FindAPhD ló kún fún ti Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wọ ojú ewé àwọn ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn: TU Delft àti Eindhoven, KTH ní Stockholm, Chalmers ní Gothenburg, NTNU ní Trondheim, DTU ní Dẹ́nmákì, RWTH Aachen, KIT ní Karlsruhe, ETH Zurich. Ní Jámánì, ẹ má gbàgbé Fraunhofer, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, tó jẹ́ pé ìwádìí tí iléeṣẹ́ lè lò lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Ọmọ tí iṣẹ́ ọwọ́ bá wù ju ìṣirò lọ máa ń gbádùn ibẹ̀.

Tí ẹ bá ti rí ìpolówó, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé fóònù wà. Ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ fi bíírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní ó pọn dandan, kí ẹ wá fi bíírò àwọ̀ mìíràn fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní àwọn á fẹ́ tó bá wà. Ẹni tó bá ní gbogbo ti àkọ́kọ́ àti díẹ̀ nínú ti èkejì, kó kọ̀wé. Àwọn ọmọbìnrin wa ló sábà máa ń dúró títí wọ́n á fi ní gbogbo rẹ̀ pátá, tí ọkùnrin tí kò ní ìdajì á sì ti kọ̀wé tirẹ̀ lọ.

Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe B.Eng. Ṣé mo lè lọ tààrà?

Sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn máa ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ sínú ètò ọ̀mọ̀wé, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún márùn-ún. Yúróòpù máa béèrè másítáàsì. Ọdún márùn-ún tí a lò kò sọ B.Eng di másítáàsì lójú wọn, ẹ má fi àkókò yín jiyàn. Ẹ lè ṣe másítáàsì yín ní Àlàbàtà tàbí Ìbàdàn, ẹ sì lè du ti Erasmus Mundus: owó Àjọ Yúróòpù ni, 1,400 yúrò lóṣù, kò ju oṣù 24 lọ, orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán lẹ máa gbé. Mo fẹ́ràn Erasmus Mundus, torí pé ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ti mọ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì-mẹ́ta lójúkojú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti ọ̀mọ̀wé.

HND ni mo ní o.

Ọ̀nà yín gùn díẹ̀, kò dí. Ẹ ṣe PGD, ìyẹn díplómà tó ṣáájú másítáàsì, ẹ fi ṣe másítáàsì, ẹ wá kọ̀wé. Àwọn yunifásítì kan ní Ìlú Ọba máa ń gba HND tó dára sí másítáàsì láìsí PGD. Fún Jámánì, àkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní anabin. Ẹ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín níbẹ̀. H+ túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé yunifásítì ni, H- túmọ̀ sí pé wọn ò gbà. Ẹ wò ó kí ẹ tó lo oṣù mẹ́fà lórí lẹ́tà.

Mo jáde pẹ̀lú 3.2. Ṣé mo ti kú nìyẹn?

Lórí ìwọ̀n 5.0 tí a ń lò, 4.50 sókè ni ipò kìíní, 3.50 sí 4.49 ni kejì òkè. 3.2 bọ́ sí kejì ìsàlẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé àfi kejì òkè, wọn ò ní ka ìwé yín, ẹ máa bá tiyín lọ. Másítáàsì tó dára máa ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ má sì ṣe yí 3.2 padà sí ìwọ̀n 4.0 fúnra yín. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ kọ 5.0 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé lórí 4.0 ni, kí wọ́n wá rí òótọ́ nínú tránsíkíríìpù.

Ohun kan tún wà tó ń dààmú wọn níbẹ̀ tí a kì í ronú kàn. Wọ́n á rí i pé ẹ fi ọdún méje ṣe iṣẹ́ ọdún márùn-ún, wọ́n á rò pé ẹ fìdí rẹmi ni. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan nínú CV: ilé ẹ̀kọ́ tì láti oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU àti àrùn kòrónà, ìyanṣẹ́lódì tún gbé oṣù mẹ́jọ lọ ní 2022, láti 14 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹwàá. Ẹ má fẹjọ́ ìjọba sùn wọ́n o, ẹ kàn sọ ọjọ́.

Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì.

Lẹ́tà tí wọ́n máa ń kó wá bá mi, ìdọ̀bálẹ̀ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ, ẹ kú ọjọ́ òní, ọmọ tó ń fi taratara wá ìmọ̀ ni mí láti ìdílé tí kò rí já jẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, ìtàn ìgbésí ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, "inú mi á dùn láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín lórí ohunkóhun." Mo mọ̀ pé ilé la ti kọ́ irú ọ̀wọ̀ yẹn, ó sì dára nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí íméèlì ọgọ́rùn-ún ń dúró dè kò ní rí nǹkan kan mú dání nínú rẹ̀. "Ohunkóhun" kò sí nínú ohun tó polówó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ láfún: àpótí pákó tí wọ́n tẹ́ páànù sí nínú, fáànù kọ̀ǹpútà àlòkù méjì lẹ́yìn, àwo mẹ́ta láàárín. Ojú ń tì í láti dárúkọ rẹ̀. Ó ní láfún kọ́ làwọn òyìnbó ń wá. Ìpolówó tó mú dání lọ́jọ́ náà, láti Jámánì, dá lórí bí wọ́n ṣe ń gbẹ ìpele tín-ín-rín tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí irin nínú bátìrì lithium. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó jẹ́ kí fáànù yára jù. Ó ní ojú láfún gbẹ, ó le bí èèpo, inú ṣì tutù, ó sì bu lọ́jọ́ kẹta. Mo ní, wò ó, ohun tó ń da àwọn oníbátìrì láàmú náà nìyẹn. Tí wọ́n bá yára gbẹ ẹ́ jù, gọ́ọ̀mù tó so ohun inú rẹ̀ pọ̀ á wọ́ lọ sójú, ojú á sán, ìdí kò sì ní lẹ̀ mọ́ irin mọ́. Omi tàbí èròjà olómi tó ń jáde kúrò nínú ohun tútù ni méjèèjì.

Ó jókòó, ó tún lẹ́tà náà kọ. Ó fi orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n polówó àti nọ́ńbà rẹ̀ ṣáájú. Ó ní òun kọ́ ẹ̀rọ gbígbẹ kan, òun wọn bí láfún ṣe ń fúyẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́fà, ní ìwọ̀n ooru mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun fi Python ya àwòrán rẹ̀, òun sì rí ibi tí ojú ti ń le kí inú tó gbẹ. Ó wá fi gbólóhùn méjì sọ bí ìyẹn ṣe bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Gbogbo rẹ̀ kò kún ojú ewé kan. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹlòmíràn ló mú iṣẹ́ yẹn. Lẹ́tà yẹn náà ló tún ṣe fún ti Nẹ́dálándì, ibẹ̀ ló wà báyìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ bi ara yín pé kí ni mo wọ̀n, kí ni mo fi wọ̀n ọ́n, kí ló bàjẹ́, kí ni mo ṣe sí i. Adìrẹ Ìtòkú ni o, omi aró tó ń ṣàn sínú gọ́tà ni o, ìràwé tó ń dí ẹ̀rọ omi ni o, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà nínú gbogbo rẹ̀.

Mi ò tíì tẹ àpilẹ̀kọ kankan jáde. Ẹnì kan ní kí n san owó kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ má san án. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ àwọn ìwé àtìgbàdégbà aláwùrúju yẹn dáadáa, orúkọ yín á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Fún ipò ọ̀mọ̀wé, ọ̀pọ̀ wọn kì í retí àpilẹ̀kọ rárá, iṣẹ́ másítáàsì yín ni wọ́n máa bèèrè. Ohun tó dára ju àpilẹ̀kọ tí ẹ sanwó tẹ̀ lọ ni iṣẹ́ tó ṣeé rí: kóòdù yín lórí GitHub, àwòrán SolidWorks yín, ìṣirò tí ẹ ṣe lórí OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kò ní jẹ́ kí ẹ máa lo ANSYS tí wọ́n jí. Mo mọ ohun tí iná ń fojú wa rí. Èmi náà ti gbé ìṣirò sílẹ̀ lálẹ́, kí n jí kí n bá a pé iná lọ ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ ní kó máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètò náà gbà bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ mi ní kí n kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fúnra mi, kí n mú un wá fún òun.

Ó wọ́pọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lẹ́tà mẹ́ta máa dún bí ẹnu ẹnì kan. Ẹ kọ kókó márùn-ún sínú bébà fún wọn dípò lẹ́tà: ohun tí ẹ jọ ṣe, ọdún tó jẹ́, ohun tí ẹ ṣe tó yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo íméèlì ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe Gmail, torí pé àwọn kan kì í gbà á gbọ́. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì máa lọ kí wọn. Ibi tí ìdọ̀bálẹ̀ ti wúlò nìyẹn.

Báwo ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe ń rí?

Lórí fídíò ni, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin níwájú yín. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ní kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ nípa iṣẹ́ másítáàsì yín. Ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ yín. Ìbéèrè tó máa ń dé láti ibi tí a kò rò ni "kí ni ẹ máa ṣe lọ́nà mìíràn tí ẹ bá tún un ṣe?" Ẹni tó bá ní kò sí, wọ́n á rò pé kò lóye iṣẹ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n báyìí ni mo ṣe máa wádìí rẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn òmùgọ̀ lójú wọn. Ẹ bi àwọn náà ní ìbéèrè: ta ló ń san owó náà, ọdún mélòó ni àdéhùn, ẹ̀rọ wo ni mo máa lò, àwọn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ wà níbo báyìí.

Ẹ sì wo aago. Èmi rèé: wọ́n fi mí sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tiwọn ní oṣù Kẹrin. Mo mọ̀ pé aago Jámánì àti tiwa kì í yàtọ̀, torí pé oṣù Kejìlá ni mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Àsẹ̀rò tó ní ẹ̀rọ oòrùn, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Kò sẹ́nì kankan nínú yàrá náà. Ìgbà tí mo ṣí íméèlì ni mo rí i pé wọ́n ti dúró dè mí fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì ti lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Tiwa kì í yí. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní kóòkì tútù, kò sọ nǹkan kan.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn?

Ìpolówó ló máa sọ. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè, 6.5 ló wọ́pọ̀. Àwọn mìíràn máa gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Ẹ bèèrè kí ẹ tó náwó.

Mo rí Marie Curie. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ tíì gbé orílẹ̀-èdè náà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Àwọn àyè ọ̀mọ̀wé tí Àjọ Yúróòpù ń sanwó rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Marie Skłodowska-Curie nìyẹn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tíì ní oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tíì gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà yín ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbà yín. Ọmọ ìlú wo lẹ jẹ́ kò kàn wọ́n. Ẹni tó jókòó l'Abẹ́òkúta kò lè ṣẹ òfin yẹn láéláé, ẹ̀yin lẹ tún wá ń bẹ̀rù. Ẹni tó ti ń ṣe másítáàsì ní Fáransé tó sì fẹ́ dúró sí Fáransé ló máa kàn.

Ẹnì kan ní òun á bá mi gba àyè, kí n san owó.

Irọ́ ni. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní yunifásítì Yúróòpù, bó ti wù kó rí. Amẹ́ríkà máa ń gbowó fọ́ọ̀mù, ojú ewé yunifásítì fúnra rẹ̀ lẹ sì ti máa san án, wọ́n sì lè fojú fò ó tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n.

Tí wọ́n bá gbà mí, kí ló kù?

Fìsà. Fún Jámánì, owó fìsà jẹ́ 75 yúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó oṣù ni wọ́n ń ní kí wọ́n ti 11,904 yúrò mọ́ inú àkáǹtì fún ọdún kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́, ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín, kò sídìí láti yá owó. Fún Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ máa béèrè ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní ATAS, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tètè béèrè fún un. Wọ́n á tún ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Èyí tó máa ń dá wa dúró jù ni orúkọ. Pásípọ́ọ̀tù ní Olúwaṣeun, ìwé-ẹ̀rí ní Seun, tránsíkíríìpù gbé orúkọ bàbá sáàárín. Ẹ ṣe àtúnṣe yín báyìí, nígbà tí kò tíì sí gbèdéke lọ́rùn yín. Tránsíkíríìpù náà, ẹ béèrè fún un kí ẹ tó nílò rẹ̀. Mo mọ ibi kan tí wọ́n ti ní ó máa gba ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù mẹ́rin ló gbà. Tó bá sì di pé ẹ ń lọ sí Èkó nítorí fìsà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ó sàn ju kí ẹ wà nínú gó-síló kí àkókò yín kọjá.

Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì bímọ méjì.

Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dárúkọ ọjọ́ orí rárá. Ẹni tó ní àdéhùn iṣẹ́ lè béèrè pé kí ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ wá bá òun, ohun tó máa há ni ilé. Fún àwọn obìnrin, Schlumberger Foundation ní ètò kan láti 2004 tí wọ́n ń pè ní Faculty for the Future, fún obìnrin láti orílẹ̀-èdè tó ṣì ń dàgbà tó fẹ́ ṣe ọ̀mọ̀wé tàbí ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ṣé dandan ni kí n fi ilé sílẹ̀?

Rárá, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró ni kò rọ́nà lọ. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà láti 1988 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ní CEADESE, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí Báńkì Àgbáyé fowó ràn lọ́wọ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ másítáàsì àti ọ̀mọ̀wé. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà n'Íbàdàn láti 1967, FIIRO, ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iléeṣẹ́, wà l'Óṣòdì láti 1956. Fáṣítì Áfíríkà (Pan African University) tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń sanwó rẹ̀ ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Kẹ́ńyà, ti omi àti agbára iná ní Tlemcen ní Àlùjéríà, ọ̀kan sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ẹ lọ bèèrè owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbẹ̀. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè rí ti òṣìṣẹ́ yẹn gbà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun lè bá yín ṣe é ti ń wá owó ọkọ̀ nìyẹn.

Sọ́dí náà wà. KAUST, yunifásítì tó ṣílẹ̀kùn ní 2009 létí Òkun Pupa, ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ másítáàsì àti ọ̀mọ̀wé tó bá gbà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé àti owó ìnáwó. A máa ń gbàgbé rẹ̀ torí pé ojú wa ń wo Ìlú Ọba.

Èmi ti ní oyè ọ̀mọ̀wé. Kí ló wà fún mi?

Iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè. Ti Marie Curie fún àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń tì ní oṣù Kẹsàn-án, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́jọ tí ẹ ti fi ṣe ìwádìí lẹ́yìn oyè yín lọ. Ti àjọ Humboldt ní Jámánì máa ń gba ìwé nígbàkigbà. Nínú méjèèjì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà yín lálejò lẹ kọ́kọ́ máa wá.

Ìwé mélòó ni kí n kọ?

Èmi kọ mọ́kànlélógún kí n tó rí ọ̀kan. Ó kéré. Àwọn tó ń kọ ọgọ́rùn-ún máa ń fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo, ó sì máa ń hàn. Méjì lóṣù, tí ẹ jókòó tì dáadáa, ti tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mìíràn. Fún Amẹ́ríkà, ẹ fi oṣù Kejìlá sọ́kàn, torí pé ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń tì, 15 oṣù Kẹrin sì ni ọ̀pọ̀ máa fẹ́ kí ẹ fèsì bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ti Yúróòpù kò ní àsìkò, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin. Ẹ mú ìpolówó kan ṣoṣo dání, tẹ́ẹ ti tẹ̀ jáde, àti bíírò àwọ̀ méjì. Mi ò ní ka CV ẹni tí kò mú ìpolówó wá.